Òkun dà? Bíìṣì tó yẹ kẹ́ ẹ mú ní Zanzibar

Ìyá kan láti Ìjàpọ̀ ní Àkúrẹ́ ló béèrè ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ mi, mo gé e kúrú díẹ̀: “Bọ̀ọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọkọ mi fẹ́ kó àwọn ọmọ wa méjì lọ Zanzibar, erékùṣù Tanzania yẹn, ní August, ọmọ ọdún 9 àti 6 ni wọ́n, ọjọ́ méje la ní. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Paje ni ká lọ, òmíì ní Nungwi ni, èmi ṣáà ń wo fótò lórí Instagram, gbogbo ẹ̀ ló jọra wọn lójú mi. Kò sẹ́ni tó mọ̀wẹ̀ nínú wa o. Bíìṣì wo gan-an ló dáa jù?”

Ẹ kú ìbéèrè, mà. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí tẹ́ ẹ fẹ́ gbọ́ ná, torí ọmọ Ìlàjẹ ni mí, tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ òkun mi ò kì í tètè dákẹ́. Ẹ sun ọjọ́ mẹ́rin ní Kendwa tàbí apá Nungwi tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, ẹ sun méjì ní Jambiani, kẹ́ ẹ fi ọjọ́ kan tó kù sun Stone Town, ìgboro àtijọ́ ibẹ̀, kẹ́ ẹ tó wọ ọkọ̀ òfurufú padà wálé. Tí àtikó ẹrù láti hòtẹ́ẹ̀lì kan sí òmíì bá máa sú yín, pàápàá pẹ̀lú àwọn ọmọ, ẹ má sùn ní Jambiani mọ́, ẹ kàn gba mọ́tò lọ wò ó láàárọ̀ kẹ́ ẹ padà nírọ̀lẹ́. Àmọ́ Paje tọ́rẹ̀ẹ́ yín sọ yẹn, tó wà lápá ìlà oòrùn, ẹ fi sílẹ̀ fún August. Kì í ṣe pé ibẹ̀ ò dáa o, èmi gan-an fẹ́ràn ẹ̀, ó kàn jẹ́ pé tiyín kọ́ ni lásìkò yẹn.

Ìdí rèé. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo kó èèyàn lọ Zanzibar, àwọn mọ́kànlá kan ni, ẹgbẹ́ kan láti ìlú Oǹdó, àwọn bàbá àtàwọn ìyá tó ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún, wọ́n dá aṣọ jọ, wọ́n múra bí ẹni ń lọ òde ìyàwó. Mo ti fi fótò hòtẹ́ẹ̀lì tá a máa dé sí hàn wọ́n tipẹ́, omi tó dúdú bí aró lókèèrè, tó wá mọ́ gaara létí ilẹ̀ bí omi inú gíláàsì, ìlà oòrùn erékùṣù náà ni hòtẹ́ẹ̀lì yẹn wà. A débẹ̀ ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀. Wọ́n ò tiẹ̀ dúró gba kọ́kọ́rọ́, gbogbo wa gba ẹ̀yìn kọjá, a fẹ́ lọ kí òkun. Òkun ò sí. Yanrìn tútù ló tẹ́ lọ rẹrẹ, àwọn ọkọ̀ ojú omi dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ gbígbẹ, wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí ewúrẹ́ tó ń jẹ àpọ́jẹ, akàn kéékèèké ń sá wọ ihò, obìnrin méjì ń rìn lọ lọ́nà jíjìn pẹ̀lú garawa lórí, níbi tó yẹ kí omi bo ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Lókèèrè pátápátá la ti ń rí ìlà funfun kan tó ń hó. Bàbá kan nínú wọn bọ́ fìlà, ó wò mí, ó ní, “Ọmọ mi, òkun dà?” Mo ní ó ń bọ̀, sà. Ó ní, “Ó ń bọ̀ láti ibo? Ṣé ẹ ò tíì sanwó tiẹ̀ ni?”

Nígbà tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, òkun dé, ó kún dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn hòtẹ́ẹ̀lì, àwọn ọkọ̀ tó dùbúlẹ̀ láàárọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí jó lórí omi. Ṣùgbọ́n orúkọ ti bàjẹ́. Títí dòní tí mo bá wọ ìlú Oǹdó, ẹni kan á ṣáà pariwo “Òkun ti dé!” látinú ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ máa ní èmi ọmọ Ìlàjẹ ló yẹ kí n mọ̀. Ó yẹ kí n mọ̀ lóòótọ́, àmọ́ òkun tiwa ò kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni. Láti Èkó dé ọ̀dọ̀ wa, kíkún àti fífà omi ò fi bẹ́ẹ̀ ju nǹkan bíi mítà kan lọ, èèyàn tó lọ ṣe fàájì ní Àràrọ̀mì lè má tiẹ̀ mọ̀ pé omi kúrò níbì kan. Ohun tá a mọ̀ nílé ni ìgbì tó ń gbéni, omi tó ń fani lẹ́sẹ̀ wọlé. Àyétòrò tiẹ̀ ti wá yàtọ̀ pátápátá, ìlú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947 tí gbogbo ayé ń pè ní Happy City, níbẹ̀ òkun kì í sá fún ẹnì kankan, ńṣe ló ń wọ̀lú bọ̀ tó ń gbé ilé èèyàn lọ. Zanzibar ni mo ti kọ́kọ́ rí òkun tó ń sá. Tí òṣùpá bá kún tàbí tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, ìyàtọ̀ láàrin ìgbà tí omi kún jù àti ìgbà tó fà jù lè tó mítà mẹ́rin, ìyẹn ga ju àjà yàrá yín lọ. Ilẹ̀ apá ìlà oòrùn yẹn sì tẹ́jú bíi pápá bọ́ọ̀lù, torí náà tómi bá ti rẹlẹ̀ díẹ̀ báyìí, etí ẹ̀ á ti sún jìnnà gan-an. Níbòmíì ó lè tó kìlómítà kan.

Ohun tó fà á tó fi tẹ́jú bẹ́ẹ̀ ni òkúta iyùn. Ẹ mọ iyùn tí àwọn ọba wa ń fi sọ́rùn, ẹbí rẹ̀ ló kọ́ ògiri gígùn kan sínú òkun lápá ìlà oòrùn, ibi tí ìlà funfun yẹn ti ń hó nìyẹn, ìgbì á lọ fọ́ sí ara ògiri náà, omi tó bá kù láàrin ògiri àti etíkun á wá dákẹ́ bí omi inú agbada, kò sì jìn. Wákàtí mẹ́fà àti díẹ̀ lomi fi ń lọ, iye yẹn náà ló fi ń bọ̀, tó bá di ọ̀la á fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ sí ti òní. Ní àríwá, ní Nungwi àti Kendwa, ilẹ̀ ibẹ̀ ò tẹ́ bẹ́ẹ̀, ó tètè ń dà gẹ̀rẹ̀ wọ ibi jíjìn, omi ń fà lóòótọ́ o, ṣùgbọ́n ẹ ó rìn díẹ̀ ẹ ó sì bá a níbẹ̀. Ìyẹn ni gbogbo èèyàn fi ń sọ pé Nungwi lèèyàn ti lè wẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, òótọ́ ni, ó kàn jẹ́ pé wọn kì í sọ ìdí.

Ohun kejì ni atẹ́gùn. Bá a ṣe ní ọyẹ́ tá a sì ní atẹ́gùn òjò nílé, àwọn náà ní méjì: Kaskazi tó ń fẹ́ wá láti àríwá ìlà oòrùn láti bíi December títí wọ March, àti Kusi tó ń fẹ́ láti gúúsù láàrin ọdún. August tẹ́ ẹ mú yìí, Kusi ló ni ín. Ojú ọjọ́ á dáa gan-an, kò ní móoru jù, òjò ò ní fi bẹ́ẹ̀ sí, torí òjò ńlá wọn tí wọ́n ń pè ní Masika ti lọ láti May, kékeré tí wọ́n ń pè ní Vuli ò sì tíì dé, ó di ìparí ọdún. Ṣùgbọ́n Kusi yẹn, ojú Paje ló ń fẹ́ sí. Ẹ ó rí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ òyìnbó tí wọ́n dúró lórí pátákó, tí wọ́n so ara wọn mọ́ káìtì ńlá lójú ọ̀run tó ń wọ́ wọn lórí omi, fíà fíà, tọwọ́ tẹsẹ̀ wọn ló ń fò. Ó dùn ún wò, mo lè jókòó níbẹ̀ fún wákàtí méjì. Ṣé ibẹ̀ lẹ wá fẹ́ kí ọmọ ọdún 6 ti máa ṣeré lójú omi, pẹ̀lú okùn àti pátákó tó ń kọjá lórí ẹ̀? Èmi ò lè sọ pé kẹ́ ẹ lọ. Ẹni tó bá jẹ́ ọ̀dọ́, tí kò lọ́mọ, tó fẹ́ kọ́ káìtì, tó fẹ́ jó lálẹ́, Paje ni tiẹ̀.

Kendwa ni mo kọ́kọ́ dárúkọ fún yín torí yanrìn ibẹ̀ fẹjú, ó funfun, ó kúnná bí ẹ̀lùbọ́, òkúta ò pọ̀ nísàlẹ̀, ọmọdé lè rìn wọnú omi tẹ́ ẹ ó sì máa wo ẹsẹ̀ ẹ̀ nísàlẹ̀. Ìwọ̀ oòrùn ló kọjú sí, Kusi ò rí i bá jà, bẹ́ ẹ bá sì jókòó níwájú hòtẹ́ẹ̀lì nírọ̀lẹ́ oòrùn á wọ̀ sínú òkun níṣojú yín, àwọn ọkọ̀ onígbòkun á máa kọjá níwájú ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò ni pé wọ́n máa ń ṣe pátì òṣùpá níbẹ̀, tí òṣùpá bá ti ń sún mọ́ àtikún, orin á máa dún dòru. Ẹ wo kàlẹ́ńdà. Bí déètì yín bá bọ́ sí i, ẹ mú hòtẹ́ẹ̀lì tó jìnnà díẹ̀ sí ibi tí ariwo ti ń wá.

Nungwi, ìlú gidi ni. Abúlé apẹja ni láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ṣì ń kan ọkọ̀ onígi níbẹ̀, ẹ ó bá àwọn káfíńtà lábẹ́ igi pẹ̀lú àáké kékeré àti òwú tí wọ́n ń kì sáàrin pákó kí omi má baà wọlé, kò sí báwọn ọmọ yín ò ṣe ní dúró síbẹ̀. Ó kún ju Kendwa lọ, ṣọ́ọ̀bù pọ̀, oúnjẹ pọ̀, ariwo náà sì pọ̀. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún ohun kan tí wọ́n fi ń mú àlejò. Orí ilẹ̀ tó ṣóńṣó wọnú òkun ni Nungwi jókòó lé, ó ní apá ọ̀tún ó ní apá òsì, hòtẹ́ẹ̀lì tó wà lápá ìlà oòrùn náà ń jẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì Nungwi, orúkọ ò yàtọ̀, fótò ò yàtọ̀, ṣùgbọ́n omi tibẹ̀ ń sá bíi ti ìlà oòrùn yòókù. Ẹni tó sanwó Nungwi tó wá bá yanrìn gbígbẹ, ẹ̀bi ẹ̀ kọ́, kò sẹ́ni tó sọ fún un ni.

Nítorí náà kẹ́ ẹ tó sanwó fún hòtẹ́ẹ̀lì kankan, ẹ wá a lórí Google Maps, ẹ tẹ èyí tó ń fi ilẹ̀ hàn látòkè. Ẹ wo apá tí ojú ẹ̀ kọ sí. Tẹ́ ẹ bá rí ìlà funfun ìgbì lókèèrè, tí àárín rẹ̀ sí etíkun wá funfun níbì kan, dúdú níbì kan bí aṣọ àdìrẹ, ibi tómi ti máa ń gbẹ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá rí i tó dúdú bí aró lójijì létí ilẹ̀, ibẹ̀ jìn, omi wà níbẹ̀. Fótò hòtẹ́ẹ̀lì kì í purọ́ o, ó kàn mọ wákàtí tó yẹ kí wọ́n ya òun ni.

Wàyí o, kí ló dé tí mo tún ní kẹ́ ẹ dé Jambiani tó jẹ́ pé ìlà oòrùn náà ló wà, tómi ẹ̀ sì ń sá? Torí pé sísá omi yẹn gan-an ni ohun tó yẹ kẹ́ ẹ lọ wò. Mo pẹ́ kí n tó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ àwọn ará Oǹdó yẹn mo bínú sí apá ibẹ̀, n ò débẹ̀ mọ́ fún ìgbà díẹ̀, ìgbà tí mo padà lọ, mo jí kùtù, mo bọ́ sórí yanrìn nígbà tómi ti lọ, mo rí àwọn ìyá tó ń ṣoko. Oko nínú òkun. Wọ́n ti kan èèkàn igi kéékèèké mọ́lẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n na okùn láàrin wọn, wọ́n so ìdì ewéko òkun mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mwani ni wọ́n ń pè é. Bí omi bá fà, wọ́n á lọ tú èyí tó ti dàgbà, wọ́n á so tuntun, bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi ń gbó. Ìyá kan jókòó sínú omi tó dé ìbàdí, aṣọ kanga ẹ̀ tó mọ́ bí ànkárá léfòó yí i ká, ó ń fi eyín fa okùn tínínrín so kókó, ó ń bá ẹnìkejì ẹ̀ sọ̀rọ̀, kò tiẹ̀ wo ọwọ́ ara ẹ̀. Ìyẹn rán mi létí ìyá mi àgbà pẹ̀lú àwọ̀n. Wọ́n á sá a lórí yanrìn títí á fi gbẹ, wọ́n á tà á fún àwọn tó ń kó o lọ sókè òkun, nǹkan tí wọ́n ń yọ nínú ẹ̀ ló wà nínú ọṣẹ ìfọyín tẹ́ ẹ fi fọ ẹnu láàárọ̀ yìí bóyá. Láti nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1980 ni iṣẹ́ yẹn ti gbòde níbẹ̀, obìnrin ló sì pọ̀ jù nídìí ẹ̀. Àwọn ọmọ yín máa fẹ́ràn ẹ̀. Ẹ kàn má jẹ́ kí wọ́n tẹ okùn èèyàn mọ́lẹ̀, oko ni, ẹ ò ní jẹ́ kí àlejò gba orí ebè yín kọjá. Kẹ́ ẹ tó ya fótò, ẹ béèrè.

Bàtà o! Ẹ ra bàtà rọ́bà tí wọ́n ń wọ̀ wọnú omi fún gbogbo yín. Nǹkan dúdú kan wà nísàlẹ̀ níbi tí koríko àti òkúta bá wà, ó rí róbótó, ẹ̀gún yí i ká bí ìgbà téèyàn fi abẹ́rẹ́ gún bọ́ọ̀lù, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀gún ẹ̀ á kán sẹ́sẹ̀ yín. Mo ti tẹ̀ ẹ́ rí, lójú àwọn èèyàn tí mo kó lọ, mo sì ṣe bí ọkùnrin títí mo fi dé yàrá. Omi gbígbóná tó ṣeé gbà mọ́ra ni kẹ́ ẹ ki ẹsẹ̀ náà bọ̀, kẹ́ ẹ fi nǹkan ìfàrun fa èyí tó bá ṣeé fà, àwọn ará ibẹ̀ á tún fi oje ìbẹ́pẹ pa á.

Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀wẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣì kù lórí omi tó ń fà yìí, mo sì fẹ́ kí ọkọ yín náà kà á. Èèyàn máa ń tẹ̀ lé omi lọ. Ilẹ̀ gbẹ, ó tẹ́jú, ẹ ń ṣa ìkarahun, ẹ ń wo ẹja kéékèèké nínú ihò òkúta, kẹ́ ẹ tó mọ̀ ẹ ti rìn jìnnà. Omi kì í padà bọ̀ láti iwájú nìkan, ó máa ń gba àwọn ibi tó gbun wọlé, ẹ lè máa wo iwájú kómi ti wà lẹ́yìn yín, kó sì ti dé orókún yín, ìyẹn ni pé ó ti dé àyà ọmọ ọdún 6. Torí náà ẹ béèrè àsìkò tómi fà tán lọ́wọ́ hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n máa ń kọ ọ́ sára bọ́ọ̀dù. Kẹ́ ẹ jáde kó tó fà tán, kẹ́ ẹ sì kọjú sílé ní kété tó bá ti fà tán. Ní Kendwa ńkọ́? Ẹ wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì fáwọn ọmọ, èyí tó mọ wọ́n lára gan-an, ẹ gbé e láti Àkúrẹ́ tẹ́ ẹ bá rí rà, ti inú ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń há fúnni níbẹ̀ sábà máa ń tóbi ju ọmọdé lọ. Odò Àlà ò kọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa ní ìwẹ̀.

Àwọn tó kù, mi ò ní pẹ́ lórí wọn. Matemwe dákẹ́, ó dáa fún ẹni tó fẹ́ lọ fi gíláàsì wo ẹja ní Mnemba torí ibẹ̀ ló sún mọ́ ọn jù, erékùṣù Mnemba fúnra ẹ̀ àdáni ni o, omi àyíká ẹ̀ nìkan lẹ lè dé, kẹ́ ẹ máà jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan yín pé ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀. Kiwengwa jẹ́ ti àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ńláńlá tó jẹ́ pé ẹ ti san owó oúnjẹ mọ́ ọn, ẹ ò ní rí ìlú, ẹ ò ní rí èèyàn. Pongwe kéré, ó rẹwà, ó dáa fún tọkọtaya. Michamvi ni ilé oúnjẹ orí òkúta tẹ́ ẹ máa ń rí lórí Instagram yẹn wà nítòsí, tómi bá fà ẹ ó fẹsẹ̀ rìn lọ, tó bá kún ọkọ̀ kékeré á gbé yín, ẹ yà fótò kẹ́ ẹ máa lọ, n ò ní bá yín sọ̀rọ̀ owó oúnjẹ ibẹ̀. Kizimkazi, wọ́n á ní àwọn máa gbé yín lọ rí ẹja lámùsóò (dolphin) tó ń fò lójú omi. Èmi ò kí ń kó èèyàn lọ síbẹ̀ mọ́, ọkọ̀ bíi mẹ́wàá á máa lé ẹja kan ṣoṣo kiri bí ọlọ́pàá tó ń lé ọlọ́kadà, kò bójú mu lójú mi.

Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi ọjọ́ Stone Town ṣe ni Changuu, erékùṣù kékeré tí wọ́n ń pè ní Prison Island. Ọkọ̀ ojú omi ò ní lò ju nǹkan bí ìdajì wákàtí lọ. Wọ́n kọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n síbẹ̀ nígbà ayé àwọn òyìnbó, wọ́n ò tiẹ̀ wá rí ẹlẹ́wọ̀n fi sí i, ibi tí wọ́n ń da àwọn tí wọ́n fura sí pé ó lárùn dúró sí ló padà dà. Ohun tó wà níbẹ̀ báyìí ni ìjàpá, àwọn tó tóbi bí àgbá omi, láti Seychelles ni wọ́n ti kó àwọn ìyá ńlá wọn wá. Ẹ̀yin ará Ìjàpọ̀, ẹ lọ kí ẹbí yín! Ọmọ tó ti ń gbọ́ àlọ́ Ìjàpá tìrókò ọkọ Yánníbo látìgbà tó ti ń ra kòrò, tó wá rí ojúlówó tó ń jẹ ewé lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ ò ní gbàgbé ojú ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Nítòsí ibẹ̀ náà ni òkìtì yanrìn kan wà láàrin òkun tí wọ́n ń pè ní Nakupenda, ó túmọ̀ sí “mo nífẹ̀ẹ́ rẹ”, tómi bá fà ó jáde, tó bá kún ó wọlẹ̀. Ọkọ̀ tó gbé yín débẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró dè yín níbẹ̀ o, kó má lọ gbé ẹlòmíì.

Àwọn tó ń lé àlejò kiri létíkun láti ta ìrìn àjò, wọ́n lórúkọ níbẹ̀, papasi, eégbọn ló túmọ̀ sí. Ẹ ò gbọdọ̀ bínú sí wọn, iṣẹ́ ni wọ́n ń wá, ẹ kàn sọ “hapana, asante”, ìyẹn “rárá, ẹ ṣé”, kẹ́ ẹ máa lọ, ẹ má dúró ṣàlàyé bá a ṣe máa ń ṣe nílé, àlàyé ni wọ́n ń fẹ́. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù ní gbogbo erékùṣù náà, nítorí náà aṣọ ìwẹ̀ ò kúrò létí omi, tẹ́ ẹ bá ti fẹ́ wọ abúlé tàbí Stone Town, ìró kan ti tó.

Àwọn ìwé: ẹ mú yẹ́lò kádì (ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú) tó péye, wọ́n máa ń béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá wá láti Nàìjíríà. Láti October 2024, àlejò kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ra íńṣọ́ránsì ìrìn àjò ti ìjọba Zanzibar, dọ́là 44 ni fún àgbàlagbà, lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lẹ ti máa rà á kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ má dúró di ẹ́páọ́ọ̀tù.

Ó ku ọ̀rọ̀ aago. Àwọn tó ń sọ Swahili, èdè ibẹ̀, ò ka wákàtí bíi tiwa. Ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí kà, aago méje àárọ̀ tiwa ni aago kan tiwọn. Mo bá awakọ̀ ojú omi kan ṣàdéhùn lọ́dún kan, mo fi Swahili díẹ̀ tí mo gbọ́ ṣe yàngàn, ó ní “saa nne”, mo mọ̀ pé nne ni mẹ́rin, mo kó èèyàn mẹ́fà sórí yanrìn ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú kúlà àti tówẹ́ẹ̀lì. Ọkùnrin yẹn ti dúró dè wá láti aago mẹ́wàá àárọ̀, ó ti dúró títí ó ti lọ sílé. Torí náà tí ẹnikẹ́ni bá dá wákàtí fún yín, ẹ bi í bóyá àárọ̀ ni tàbí ìrọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ sì na ọwọ́ sí ibi tí oòrùn máa wà.

Ẹ ṣì ní àkókò, mà. Tẹ́ ẹ bá ti mọ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa gbéra gan-an, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kẹ́ ẹ tó sanwó hòtẹ́ẹ̀lì, kí n wo bí òṣùpá ṣe máa wà. Tó bá bọ́ sí ìgbà tó kún tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, àárín òwúrọ̀ lomi máa ń sá jù níbẹ̀, á sì tún kún nírọ̀lẹ́, Jambiani la máa kọ́kọ́ fi yín sí kẹ́ ẹ bá àwọn ìyá yẹn lóko. Tó bá bọ́ sí àárín méjèèjì, nígbà tí òṣùpá jẹ́ ìdajì, a máa yí i padà, Kendwa lẹ máa kọ́kọ́ sùn.